Ṣítù àti Ẹ̀rọ Òtútù Inú Ọkọ̀ Ológun

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ bi Ṣítù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń tún fíríìjì ṣe ní Kirkissoye, àdúgbò etí odò kan nílẹ̀ àjèjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Àmọ́ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba sì ń lé àlejò tí kò níwèé. Ràódátù ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù kẹsàn-án, kò lè rìnrìn àjò.

Àsìkò owó yureníọ̀mù ni, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n ń wà tà. Ìjọba kì í tún nǹkan ṣe mọ́, tuntun ni wọ́n ń rà láti Faransé. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń gbé ẹran àti oògùn fún àwọn ṣọ́jà etí odò; yàrá òtútù inú rẹ̀ ti dákẹ́. Kapitéènì Boubacar, tó ń rajà fún wọn, kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú pátápátá, ó ra mẹ́ta tuntun, ó jẹ nínú owó rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Ṣítù pé kó wá de ọ̀kan.

"Bàyárábè," bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn, "yọ ti àtijọ́ dànù, de tuntun síbẹ̀. Bó bá ti tutù, màá buwọ́ lu ìwé ìgbélùú rẹ."

Ṣé ìyẹn le ni? Àmọ́ Ṣítù kì í ju irin nù láìtú inú rẹ̀ wò. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ó tú u. Irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ ló kán. Ó gé òmíràn, ó fi rọ́pò rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, yìnyín ti bo páìpù.

Ká ní ó panu mọ́ ni! Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gbé tuntun náà tòun ti páálí rẹ̀ lọ síwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó wá yẹ ọkọ̀ wò.

"Mọn Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ti àtijọ́ ò kú o. Ẹ dá èyí padà, kí owó ìjọba má ṣòfò."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo Boubacar títí. Boubacar rẹ́rìn-ín, ó gbá Ṣítù léjìká. "Olóòótọ́ èèyàn! Wá gba ìwé rẹ lọ́sàn-án."

Olóòótọ́ ìlú nìkà ìlú, ṣùgbọ́n Ṣítù ò rántí. Agbádá ló wọ̀.

"Bàbá Zubaidat, ṣé ìyàwó tuntun lẹ fẹ́ lọ gbé ni?" Ràódátù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwé ni mo fẹ́ lọ gbà. Máa ronú orúkọ ọmọ."

Ìwé tí Boubacar kà sí i létí ni pé ó ba ẹrù ìjọba jẹ́, kó kúrò nílùú lójú ẹsẹ̀. Ṣítù dọ̀bálẹ̀ tagbádá-tagbádá. "Ìyàwó mi fẹ́ bímọ, ẹ ṣàánú mi!" Boubacar ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Ìkà!

Odò kún nígbà náà, ọkọ̀ yẹn gan-an ń lọ sí Gaya níbi ààlà. Wọ́n jù ú sínú rẹ̀. Nítorí igbe rẹ̀, Boubacar ní kí wọ́n tì í mọ́ yàrá òtútù tí ẹran wà títí wọ́n á fi kọjá Kirkissoye, káwọn èèyàn rẹ̀ má baà gbọ́.

Ṣítù fọwọ́ lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi kú. Ó wá bẹ Ọlọ́run kí iṣẹ́ ọwọ́ òun bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ìlú Say ni wọ́n ti rántí rẹ̀, ó ti gan. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Nígbà tí ọkọ̀ náà ń kọjá ní Kirkissoye, Ràódátù wà létí odò, ó ń fọ ìkòkò. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún, ó sì juwọ́ sí i.

"Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń dún dáadáa," ló wí fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn o."