Ohùn Orin Tí Wọ́n Kà Léèwọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ó yẹ kí gbogbo ìlú gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àdúgbò wa ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, pé kò ní jáde kúrò nínú agboolé. Èmi ni mo ń mú un jáde.

Fíìmù Íńdíà kan wà, ìtàn ẹbí kan tí ìjà pín sí méjì nígbà tí ìyá ń fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ. A wò ó ní sinimá Tamale níbí, ní àríwá Gánà, kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n wa. A kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ orin rẹ̀ ju orin ilé ẹ̀kọ́ lọ. Títí di òní, bí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi Dagbani, èdè ìlú yìí, túmọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀, bí orin bá ti dé, ògbufọ̀ á dákẹ́. Ó mọ̀ pé a kò ní gbà fún un. Ọmọkùnrin tó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé mi láti Kanvili láìpẹ́ yìí, ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà náà, orin yẹn ló ń dún lórí fóònù rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ohùn orin ìyá inú fíìmù náà, ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Láti ìgbà náà, nínú àwa tí baba wa ti Ìlọrin wá sí Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Tamale, kò sí ìyàwó tó ń jáde nílé kí àwọn obìnrin tó kọ ọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà: "Má wẹ̀yìn, ọmọ mi, ilẹ̀kùn ìyá kì í tì." Bí orin náà kò bá tíì parí, ìyàwó kì í dìde.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, alága ìgbìmọ̀ wá sílé. Ó ní ọ̀rọ̀ orin náà dára, àdúrà ni. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jẹ́ ti àwọn abọ̀rìṣà Íńdíà, kò sì yẹ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéú ní mọ́sálásí. Kí ó sọ ọ̀rọ̀ náà lásán. Bí ó bá kọ ọ́ lórin, kí ó gbàgbé kéú. Èmi pẹ̀lú alága yìí la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní sinimá, tí òun ń fi etí ẹ̀wù nu omijé. Mo rán an létí. Ó ní ìgbà àìmọ̀kan nìyẹn, kí n má kó ọgbọ́n yunifásítì tí mo lọ wá bá òun. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kéú yẹn nìkan ló ń mú un jáde nílé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lẹ́yìn ìrun alásárì, mọ́tò ti ń dúró. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ti pa á láṣẹ, pẹrẹsẹ, láìgbé ohùn sókè.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní, "Ìyá ìyàwó, ṣé ìròyìn rédíò lẹ ń kà fún ọmọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ìyàwó jókòó síbẹ̀. Hausa àti Dagbani lọmọ náà ń sọ. Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni lọ.

"Màmá, mi ò gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ wí," ló sọ. "Ẹ kọ ọ́."

 Láti kékeré lọmọ yìí ti ń bá wọn kọ orin náà, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n yọ ohùn kúrò, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Inú ohùn tí wọ́n kà léèwọ̀ yẹn gan-an ni Yorùbá tó kù lẹ́nu àwọn ọmọ wa wà.

Ẹ̀gbọ́n mi wo alága tó dúró ti mọ́tò. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ dópin, àwọn obìnrin sì ń gbè é. Ìyàwó ń kọ ọ́ pẹ̀lú wọn, ọ̀rọ̀ pé lẹ́nu rẹ̀, kí ó tó dìde.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé ẹlòmíràn ni yóò máa kọ́ àwọn obìnrin ní kéú. Ẹnikẹ́ni kò pè é kí ó wí tẹnu rẹ̀. Mo lọ bá àwọn ìgbìmọ̀ nílé. Oníkálukú ń tì mí sí ẹnì kejì, wọ́n ní mo fẹ́ tú àdúgbò ká. Níbi tí wọ́n ti kéde ni mo fẹ́ kí wọ́n ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí àkókò kéú bá tó, tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé wàláà wọn kọjá níwájú ilé, ẹ̀gbọ́n mi á mú ìgbálẹ̀, á tún máa gbá àgbàlá tó ti gbá láàárọ̀.