Ìrọbí Tí Kò Dé

Oṣù Fàsílátù ti pé, ó ti kọjá, síbẹ̀ ìrọbí kò dé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ìwé pọ̀ ní Ṣómólú ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú sílẹ̀, ó jókòó sílé ní Bàrígà, ó ń retí. Àwọn ayálégbé ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ayé ti so oyún náà mọ́lẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi tó ń mú obìnrin rọbí sí i lára. Ilé ọmọ dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n fi kún un, pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, ọkàn ọmọ tó ń dún kìkìkì nínú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àyúbà, ọkọ rẹ̀, di irin bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí.

Dókítà Ṣọlápé wo ẹ̀rọ náà, ó yíjú sí aláboyún. "Ṣé ọkùnrin kan wà nínú ẹbí ìyá yín tí ara rẹ̀ rí bí ìpẹ́ ẹja?"

Màmá Sìkírátù, ìyá Fàsílátù, ló dáhùn kíá: "Ká má rí i! Kò sí irú ẹ̀ nílé wa."

Fàsílátù wo ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni ìyá yìí ti ń fi aṣọ bo Ràmọ́nù, ẹ̀gbọ́n Fàsílátù, kí àlejò má baà rí ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ń kú lọ. Ó wà, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ìyá dorí kodò.

"Ó yé mi báyìí," ni dókítà wí. "Ẹ́nsáìmù kan, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ nínú ara, wà nínú ibi ọmọ. Òun ló ń gé súfeètì, tí í ṣe ẹbí imí ọjọ́, kúrò lára èròjà tí ọmọ ń ṣe, kí ilé ọmọ lè múra ìrọbí. Àwọn ọmọkùnrin kan kì í ní in; ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún àìní yẹn. Àìsí rẹ̀ náà ló ń mú kí awọ ara wọn máa ní ìpẹ́. Ẹnikẹ́ni ò so oyún yìí. Ẹ jẹ́ ká tètè ṣiṣẹ́ abẹ."

Wọ́n tì í wọlé. Àyúbà àti ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà títí igbe ọmọ fi ta jáde.

Kò pẹ́ tí ara ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìpẹ́ lóòótọ́. Ràmọ́nù wá láti Ọbáníkòró, ó kọ́ àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa á kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ. Àgbàlá ni Fàsílátù ti ń wẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo ayálégbé. Màmá Sìkírátù kọ́kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ kó tó jáde wá bá a gbá orí ọmọ mú.