Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Bí ẹ bá rí Tíṣà Cornelius Akínladé lójú pópó Ìlaròó, ẹ ó rò pé ìdánwò ló ń lọ ṣe. Bírò mẹ́ta máa ń wà lápò àyà rẹ̀, pupa kan, dúdú kan, búlúù kan, pẹ́ńsùlù á sì tẹ̀lé wọn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìntì. Kò sẹ́ni tó lè kọ ọ̀rọ̀ láìfàmì sí i níwájú rẹ̀ kó lọ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi rí. Èmi Rodiat, tí mo ń tẹ ìwé tí mo sì ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, mo bínú fún odidi ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ pe akunlé pé kó wá tún un kọ, nítorí òótọ́ ló sọ.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kì í ṣì í lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi ń dùn mí títí di òní. Ká ní kò mọ̀ ni, ǹ bá dárí jì í kíákíá. Ó mọ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan ló dé tó ní òun fẹ́ wa epo ní Erékùṣù Pẹ́pẹ́yẹ. Ilẹ̀ kékeré kan ni, ó dá wà láàárín omi níwájú Ẹbúté Ìrókò, abúlé tí wọ́n bí Tíṣà sí, bí èèyàn bá kọjá Ìhunbo. Kò jìnnà sétí omi. Èèyàn á ké níbí, wọ́n á gbọ́ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ojú omi ńlá ni yóò gbé epo náà wá sí ẹbúté, táńkà yóò gbà á níbẹ̀, yóò sì gba àárín Ìlaròó kọjá. Àwọn apẹja láwọn ò fẹ́. Àwọn tó nílé létí títì ní bí táńkà kan bá dojú dé, ilé àwọn ló máa jó. Àwọn tọ́mọ wọn ò níṣẹ́ ní kí epo máa bọ̀ kíá. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo tẹ ìwé àwọn tó fẹ́ láàárọ̀, mo tẹ tàwọn tí ò fẹ́ lọ́sàn-án, ẹ̀rọ kan náà ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olùdókòwò tó wà lókè òkun ni ọ̀bẹ wà, tiṣu tiṣu. Wọ́n ní àwọn ò ní fi kọ́bọ̀ sí i àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi àwọn ará etí omi ní ogún ìbéèrè, ilé dé ilé, ní èdè wọn. Ọ̀gbẹ́ni Caleb, aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Ìlaròó, ọkùnrin kan tó mọ èèyàn kí dáadáa, wá bẹ Tíṣà pé kó túmọ̀ ìbéèrè náà, kó sì lọ bi wọ́n.

Ìbéèrè kẹtàdínlógún ń bèèrè bóyá ìdílé kankan sin òkú sórí erékùṣù náà. Nínú ìwé tí Tíṣà gbé fún mi láti tẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ báyìí: "Ǹjẹ́ ẹ ní ẹni tí omi mú lọ, tí ẹ sin síbẹ̀?" Ó wá fi rọ́bà pa á rẹ́, àmọ́ kò parẹ́ tán. Ó fi bírò kọ òmíràn sókè rẹ̀: "Ǹjẹ́ ẹ ní sàréè ní erékùṣù yìí?"

"Tíṣà, èwo ni kí n tẹ̀ nínú méjèèjì?"

"Èyí tó wà lókè," ó ní. Kò wojú mi. Mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà.

Ará òkè ni mí, mi ò mọ nǹkan kan nípa omi nígbà náà. Tíṣà bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ láti máa gbé íńkì ìtẹ̀ka tẹ̀ lé e kiri, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹni tó bá kú sómi, wọn kì í gbé e wálé. Etí omi tí wọ́n bá ti rí i ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn kì í rẹ́ símẹ́ńtì sí i, wọn kì í kọ orúkọ, wọn kì í sì í pe ibẹ̀ ní sàréè. Sàréè ni tẹni tó kú sílé. Tẹni tí omi mú lọ, wọn á ní "ó wà lọ́hùn-ún", wọ́n á dákẹ́. Ní Ẹbúté Ìrókò, Pẹ́pẹ́yẹ ni omi máa ń gbé gbogbo wọn lọ.

A ń lọ láti ilé dé ilé. "Ǹjẹ́ ẹ ní sàréè níbẹ̀?" "Rárá o." Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Nígbà tó yá, a dé ilé ìyá Tíṣà. Ìyá náà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sómi. Tíṣà ń bi í ní ìbéèrè bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó dé orí ìkẹtàdínlógún, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ìyá, ǹjẹ́ ẹ ní sàréè ní erékùṣù yìí?"

"Sàréè kẹ̀? Rárá o." Ìyá na ọwọ́ sí omi. "Àfi Adéwùnmí nìkan tó wà lọ́hùn-ún."

Tíṣà kọ "Rárá". Mo gbé íńkì síwájú ìyá, ó tẹ̀ka. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ o.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà sílé ni mo ti bi í ta ni Adéwùnmí. Ó ní àbúrò òun ni. Ọdún kẹrìnlélógójì rèé. Adéwùnmí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Tíṣà fúnra rẹ̀ sì wá lo ìsinmi nílé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ìyá wọn ní kí Tíṣà bá Adéwùnmí tukọ̀ lọ gé koríko tí wọ́n fi ń hun ẹní. Ìwé ló ń kà. Ó ní, "Máa lọ ná, mò ń bọ̀." Ó ka ìwé náà tán. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí Adéwùnmí ní Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Láti ìgbà náà, Tíṣà ò sọdá síbẹ̀ rí.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ pa ìlà yẹn rẹ́?"

"Mi ò lè jẹ́ ẹni tó máa bi ìyá mi ní ìbéèrè yẹn, Rodiat. Mo rò pé orí bébà lásán ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì tún bí mi, nítorí ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ló fẹ́ pa dé, ó wá pa ẹnu gbogbo abúlé dé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ìlaròó. Ọ̀gbẹ́ni Caleb dìde, ó ní kò sí ẹyọ sàréè kan ní Pẹ́pẹ́yẹ, àwọn ará etí omi fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn olùdókòwò sì ti gbà. Ó ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á ti dé orí erékùṣù. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Tíṣà wo ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́. Ọ̀sán gangan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òjò ò tíì rọ̀ fún oṣù méjì. Tíṣà wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń gba iná sí fóònù rẹ̀. Nígbà tó dìde, omi wà lábẹ́ àga rẹ̀. Òrùlé mi kì í jò, mi ò sì pọn omi lọ́jọ́ náà. Omi náà tutù, ó ń rùn bíi koríko odò. Mo nù ún. Lọ́jọ́ kejì ó tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé àga náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń ka àdúrà Aúsù lábẹ́lẹ̀.

Tíṣà wò ó, kò yà á lẹ́nu. "Nílé náà ni," ó ní. "Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn ni."

"Tíṣà, ẹ lọ bi wọ́n ní èyí tẹ́ ẹ pa rẹ́."

Ó lọ. Ó mú ìwé àjákọ kan dání, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Ẹbúté Ìrókò. "Ta ni omi mú lọ nílé yìí?" Àwọn tó ti ní "Rárá" fa ìjókòó fún un, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá kan pe orúkọ tí wọn ò pè láti ogún ọdún. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ. Ìyá rẹ̀ ló bi gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyá náà sì kọ́kọ́ sọ: "Mo ti ń retí kó o bi mí."

Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé, Tíṣà dìde láàárín gbọ̀ngàn. Ó ní àwọn èèyàn ò parọ́, òun lòun bi wọ́n ní ìbéèrè tó parọ́. Ó ka orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà. Nígbà tó dé orí "Adéwùnmí Akínladé", ó mí kanlẹ̀ kó tó lè pè é. Ọ̀gbẹ́ni Caleb ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò bínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn dé pé àwọn olùdókòwò ti dá owó dúró. Àwọn tí kò fẹ́ epo gbé Tíṣà sọ́rùn kiri àdúgbò, àgbàlagbà ọ̀hún ń di bírò rẹ̀ mú kó má baà jábọ́. Abẹ́ àga ṣọ́ọ̀bù mi gbẹ. A rò pé ó ti parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ọ̀gbẹ́ni Caleb gbé lẹ́tà dé, pé kí Tíṣà túmọ̀ rẹ̀. Àwọn olùdókòwò dúpẹ́ fún òtítọ́ tó sọ. Wọ́n ní àwọn ṣì wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ò ní wa epo lórí òkú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, wọ́n á hú gbogbo wọn, wọ́n á fi pósí tó dára gbé wọn wá fún ìdílé wọn nílé, wọ́n á sì rẹ́ símẹ́ńtì sí i. Ó gbọ́dọ̀ parí kí oṣù tó ń bọ̀ tó tán.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí Tíṣà pa rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Mo dákẹ́, wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga epo lé wọn lórí," Tíṣà sọ. "Mo sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ hú wọn. Rodiat, kí ni mo ṣe?" 

A jọ lọ ka lẹ́tà náà fún ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán.

"Kí wọ́n gbé e wálé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹni tí omi mú lọ kì í wọlé mọ́, Ọmọ́délé. Bí wọ́n bá gbé e wá, omi á tẹ̀ lé e." Ọmọ́délé lorúkọ tí ìyá fi ń pe Tíṣà.

"Wọ́n ní bí a ò bá gba òkú wa, wọ́n á gbé wọn lọ síbi tó bá wu àwọn."

Ìyá wo omi. Ó wá bèèrè pé, "Ìwé yẹn, ṣé ó sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá wà láàyè níbẹ̀?"

Tíṣà yẹ ìwé náà wò níwájú àti lẹ́yìn. "Rárá, Ìyá."

Ìyá dìde. Ó ká ẹní rẹ̀, ó di aṣọ méjì àti ìkòkò kan, ó gbé e rù. "Òun ò lè wálé," ó ní. "Èmi lè lọ."

"Ìyá, kò sílé níbẹ̀."

"Wá bá mi kọ́ ọ."

Mo rò pé Tíṣà á bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fa ọkọ̀ kékeré kan sómi, ó sì na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Ó mú àjẹ̀, ọkọ̀ náà ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ yí, àmọ́ wọ́n lọ. Mo dúró létí omi, mò ń sunkún. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ìyá náà ò tíì sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń pe Adéwùnmí, bí ìyá tó ti ọjà dé ṣe ń pe ọmọ tó wà nínú ilé pé kó wá bá òun sọ ẹrù kalẹ̀.