Ìkarahun Tí Aránfìlà Rán

Ní ìlú Jikpan, fìlà kan kò wọ́ lọ́wọ́ Bàbá Àbdùlgàfárù aránfìlà rí, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 2003, Arifah ọmọ rẹ̀, tó ń lọ sí yunifásítì, gé aṣọ tó nípọn wẹ́wẹ́ wá fún un. Ó ní kó bá òun rán an di ìkarahun purotéènì tó bo fáírọ́ọ̀sì kékeré kan tó máa ń kọlu bakitéríà. Ọ̀la ni òun máa fi í ṣàlàyé níwájú olùkọ́.

Bàbá wo àwọn aṣọ náà. Púpọ̀ ní igun mẹ́fà, díẹ̀ ní márùn-ún.

"Ọmọ yìí kò mọ aṣọ gé," ló sọ lọ́kàn. Kí ojú má baà ti ọmọ rẹ̀, ó fi onígun mẹ́fà rọ́pò gbogbo onígun márùn-ún. Ó rán an títí, aṣọ náà kọ̀, kò ká di roboto. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní.

"Bàbá, kí lẹ rán yìí?"

"Fáírọ́ọ̀sì tó ń sùn."

"Haba, Bàbá! Àwọn onígun márùn-ún yẹn ló ń jẹ́ kó ká!"

Bàbá ń kùn, ó ń tú u. Ó dá àwọn tó yọ padà sáyè wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìkarahun ti di roboto, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Arifah ń jó. Bàbá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó dáa o," ló wí. "Ṣùgbọ́n níbo lèèyàn máa gbà ti orí bọ̀ ọ́?"