Ojú Ọgbẹ́ Gbọ́dọ̀ Gbẹ

Gẹrígẹrí ni bàbá mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi fárí fún tolórí tẹlẹ́mù, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, torí èèyàn a máa sùn lọ lábẹ́ abẹ rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó abẹ wálé, ó sì kọjú sí ewéko.

Kì í ṣe òdòdó ẹlẹ́wà o. Àwọn tí ewé tàbí ara wọn nípọn, tí omi kún inú wọn, ló fẹ́ràn: àbámodá, ahọ́n erin, orọ́ ẹlẹ́gùn-ún. Agolo mílíìkì, ife tó sán, abọ́ ọṣẹ ìfárí, gbogbo ojú fèrèsé pálọ̀ kún fọ́fọ́. Màmá mi ní ọkọ òun ti fẹ́yàwó mìíràn, ó wá lọ fẹ́ èyí tó lẹ́gùn-ún lára.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n di púpọ̀. Àbámodá ò ní wàhálà: tẹ́ ewé rẹ̀ sórí àwo gbígbẹ, ọmọ wẹ́wẹ́ á yọ létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orọ́, abẹ ló ń fẹ́. Bàbá mi á gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á nu oje funfun tó bá dà, á gbé orí tó gé náà sójú fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní rí erùpẹ̀, kò ní rí omi.

"Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ," á wí. "Ẹni tó bá rì í mọ́lẹ̀ ní tútù, kó yáa lọ máa retí òórùn."

Nínú ogún tó bá gé, bóyá ọ̀kan ló ń kú.

Lọ́jọ́ kan, ìkòkò amọ̀ kan já bọ́ láti ojú fèrèsé, àpáàdì rẹ̀ sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì bàbá mi. Ọgbẹ́ kékeré ni. Kékeré la ti ń pẹkàn ìrókò, ṣùgbọ́n ta ló ka èyí sí ìrókò? Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí bàbá mi ti ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora mọ́. Nọ́ọ̀sì kan fọ̀ ọ́ ní ọsibítù, ó dì í ní báńdéèjì, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

"Bàbá, ẹ má tú u ṣeré o. Tẹ́ ẹ bá rí i tó wú, tàbí tó ń rùn, ẹ má dúró dọjọ́ tí mo dá. Ẹsẹ̀ oníṣúgà ò gba àwàdà."

Bá a ṣe délé báyìí ni bàbá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ síbi tí oòrùn ń wọlé.

"Tú u."

"Bàbá, nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní..."

"Nọ́ọ̀sì ọmọ àná! Wo àwọn tó wà lójú fèrèsé yẹn. Èwo ni mo di báńdéèjì fún nínú wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tú u. Èmi, ẹni ogójì ọdún, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ni mo tú u, torí ohun tí bàbá mi bá ní kó gbẹ, mo ti rí i pé yíyè ló máa ń yè. Láràárọ̀ là ń tú u sí atẹ́gùn. Bá a bá gbúròó bàtà màmá mi lẹ́nu ọ̀nà, màá yára fi aṣọ bò ó.

Ojú ọgbẹ́ náà gbẹ lóòótọ́. Èèpá dúdú bò ó, bàbá mi sì ń fi yangàn. Abẹ́ èèpá ọ̀hún ló ti ń rà. Ìgbà tí òórùn fi máa bá màmá mi ní kíṣìnnì, ẹsẹ̀ ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́.

Dókítà ní ìsàlẹ̀ orúnkún ni àwọn máa ti gé e. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú ń bí i.

"Ta ló tú báńdéèjì tí mo dì?"



"Èmi ni," bàbá mi dáhùn. "Èmi nìkan. Àwọn ará ilé ò mọ̀."

Màmá mi bú u títí omi fi lé ròrò sójú òun fúnra rẹ̀: alágídí, olóríkunkun. Mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kó bú u. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Oṣù kan kọjá kí bàbá mi tó padà wálé. Kò sẹ́ni tó bu omi sí ewéko kankan. Orí orọ́ tó gé lọ́sẹ̀ tí ìkòkò fọ́ ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀ lójú fèrèsé, kò rí erùpẹ̀, kò rí omi, síbẹ̀ ó ti yọ gbòǹgbò funfun mẹ́ta. Bàbá mi fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tí abẹ kọjá. Ó ti gbẹ, ó le koko. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Kò lẹ́jẹ̀ lára," ó ní. "Èmi àtìẹ, a ò rántí ìyẹn."

Màmá mi ti wà lẹ́yìn wa, ó sì gbọ́. Ó wò mí. Ó lọ gbé báńdéèjì tuntun, ó kúnlẹ̀ sídìí ìyókù ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó ń dì í. Nígbà tí mo nawọ́ láti bá a di etí báńdéèjì mú, ó ti ọwọ́ mi dànù.