Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Pè Mí ní Ọkọ Rẹ̀

Nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri Múṣin, kò sóṣù tí mo fẹ́ràn bí oṣù ààwẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà mọ̀ ọ́n: àwa ọmọdé á jẹ sààrì, a ó jẹ ọ̀sán, a ó tún ṣáájú àgbà débi ìṣínu. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ń dín àkàrà. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ń lo oògùn, àmọ́ ta ló tó ní kó má gbààwẹ̀? Á ní, "Mo ti ń gbà á kí wọ́n tó bí dókítà yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀ ń bó ẹ̀wà. Ó dédé da iyọ̀ sínú garawa omi. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Lámídì, ṣé ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù?"

Ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Lámídì. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Iwájú dígí ni mo sáré bá ara mi, mo ń wò ó bóyá irùngbọ̀n ti hù.

Ìgbà tí mo máa fi yọjú, ilé ti kún, Ìyá Àgbà sì tún pè mí ní Bàbá Lámídì lójú gbogbo wọn. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Onílé ní ká máa gbé e lọ sí Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè. Ni Àǹtí Rísíkà, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ìkángun, bá já wọlé.

"Wèrè kọ́! Ó lo oògùn, kò jẹun. Ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ọpọlọ ò rí nǹkan jẹ. Ẹ po ṣúgà sómi, kó tó di pé kò lè gbé nǹkan mì mọ́!"

Wọ́n pò ó, àmọ́ Ìyá Àgbà pa ẹnu dé. Ó ti gbàgbé gbogbo wa, kò gbàgbé pé òun ń gbààwẹ̀.

Àǹtí kọjú sí mi: "Ìwọ ọkọ rẹ̀, gbé e fún un. Fi oríkì pè é."

Mo na ife náà sí i. "Àṣàkẹ́, mu ún."

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀, ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó wò mí. "Ta lo pè ní Àṣàkẹ́?" Ìgbátí ọjọ́ náà dún dé òpópónà. Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀. Etí tèmi nìkan ló ń hó.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní bí orí àgbà bá dédé dàrú, ká má kọ́kọ́ pè é ní wèrè. Ara ló ń ké gbàjarè. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti ń bọ́ aláìní dípò ààwẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, àdúgbò ló ń péjọ pariwo. Lónìí tí àtọ̀gbẹ ti kan èmi náà, ẹ̀rọ kékeré kan wà nílé tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Tí mo bá ti ń sọ ìsọkúsọ, ìyàwó mi á gún mi níka, èmi náà á sì ké bí ewúrẹ́. Bí ṣúgà bá pé, á gbé ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀: "Kò séwu. Bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn."