Eléyìí Ló Kẹ́yìn

Bí mo bá ti gbóòórùn gọ́ọ̀mù, tíṣà tó ń ṣe ìwé ìrántí ọdọọdún nílé ẹ̀kọ́ girama wa n'Íjẹ̀bú-Igbó, láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni mo máa ń rántí. Lọ́dọọdún ló máa ń sọ pé, "Eléyìí ló kẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ mí."

Nígbà kan, ọkọ̀ ojú omi dá ọmọ kíláàsì wa kan dúró ní Màkun-Omi lọ́jọ́ tí a fẹ́ ya fọ́tò. Fọtógíráfà fẹ́ máa lọ. Tíṣà jókòó lé àpótí ẹ̀rọ fọtógíráfà náà kó má baà lọ, ó ń yán.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni," ó wí. "Ìyá ẹ̀ á wá ojú ẹ̀ nínú ìwé."

Ìrọ̀lẹ́ lọmọ náà tó dé, la tó ya fọ́tò.

Nígbà tí wọ́n fún tíṣà ní àmì-ẹ̀yẹ onípákó kan n'Íbàdàn nítorí ìwé náà, oorun ti gbé e lọ lórí àga. Èmi ni mo jí i. Inú ọ̀gá ilé-ìwé wa dùn.

"Tíṣà, ta ló tún kù tá a lè gbé iṣẹ́ yìí fún? Ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe tọdún tó ń bọ̀."

"Alihamudulilahi," ni tíṣà wí. "Ẹni tó bá mọ ẹrù ú rù ni wọ́n ń dì í fún."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá a ní ọ́fíìsì. Ó ti da ojú pákó àmì-ẹ̀yẹ náà dé orí fọ́tò tuntun kan nínú ìwé tọdún tó ń bọ̀, kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè mú dáadáa. Kò gbójú sókè.

"Eléyìí ló kẹ́yìn," ó wí.